Ẹlẹ́rìí Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sọ nídìí oúnjẹ, nítorí ọ̀rọ̀ ìfun àti ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ó kọ́ ọmọ kékeré bí yóò ti ṣe ìmọ́tótó nígbà tí ó bá ti ilé ìgbẹ́ dé kò ní kí àgbàlagbà máa tijú láti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lára òun.

Ilé àyẹ̀wò ẹran ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan. Bí dókítà oníṣẹ́ abẹ bá gé nǹkan jáde lára aláìsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá nínú ike tí omi fọ́málìn wà nínú rẹ̀. A óò fa omi ara rẹ̀ gbẹ, a óò rì í sínú ìda yíyọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, títí yóò fi gan. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ẹ̀rọ gé e tín-ín-rín, tí ìpele kan kò ní nípọn ju ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Orí gíláàsì pẹlẹbẹ ni a ń tẹ́ ẹ sí, a óò rẹ ẹ́ ní aró, dókítà yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Mo ti lé ní ọdún 15 nídìí iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni ẹran ìfun tí ó pẹ́ kí ó tó dé. Bí a bá bi àwọn ẹbí léèrè ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ìdáhùn kan náà ni: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni a pè é." Nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ohun tí a kò lè kó lé jẹ̀díjẹ̀dí lórí. Ẹ̀yìn ríro, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọkùnrin tí kò lè ṣe ojúṣe rẹ̀ nínú ilé, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ohun dídùn ló jẹ jù. Àwọn mìíràn ń rẹ àgbo rẹ̀ sínú ọtí. Àwa Mùsùlùmí ń fi omi ògì rẹ tiwa, ọkàn wa sì balẹ̀. Èmi kò bá àgbo jà o. Jẹ̀díjẹ̀dí gidi wà, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà ń ṣẹ̀jẹ̀, a kò sì kọ orúkọ sára ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ìwó. Ní ọdún 2019, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrun pípè sílẹ̀ fún ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń dùn ún. Ó pẹ́ kí ó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí àlùwàlá dúró lára òun, àti pé ojú ń ti òun láti dúró níwájú ènìyàn pẹ̀lú aṣọ tí kò mọ́. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà náà. (Nígbà tí Lèmọ́mù wa gbọ́, ó là á yé e pé ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò bá dá lára rẹ̀ yóò máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan tí àkókò rẹ̀ bá tó, yóò sì kí ìrun rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ èyí síbí nítorí ẹni tí ó lè wà nínú irú rẹ̀.) Ó mu àgbo fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021 tí ìyàwó rẹ̀ fi pè mí, ìgbẹ́ rẹ̀ ti tín-ín-rín bí okùn, ó sì ti rù débi tí fìlà rẹ̀ ń yí lórí. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu bọ̀ ọ́ nídìí, wọ́n sì rí kókó ńlá ní ìparí ìfun. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ni ó dé. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan án. Ẹlòmíràn ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí jẹjẹrẹ yìí ṣe ń dàgbà, nítorí bí a kò bá mọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, a kò ní mọ ibi tí a óò ti ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo bá ní purotéènì, ẹ má rò pé ti ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ni mo ń wí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi purotéènì ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ara wa fi pọ̀, àwọn ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ẹrù, ọ̀kan ń ṣọ́nà, ọ̀kan ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Jíìnì ni ìwé àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe wọ́n. Bí ìwé àṣẹ bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ tí yóò ti ibẹ̀ jáde yóò di aláàbọ̀ ara, tàbí kí ó má tilẹ̀ jáde rárá.

Ní ọdún 1990, Eric Fearon àti Bert Vogelstein ní Johns Hopkins ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà la ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún ayé rí. Wọ́n fi hàn pé jẹjẹrẹ ìfun kì í ṣubú luni lójijì. Ìgbésẹ̀ ni, lẹ́yìn ìgbésẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, purotéènì APC ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Iṣẹ́ APC ni kí ó máa kó purotéènì mìíràn, beta-catenin, dànù kí ó tó pọ̀ jù. Bí APC kò bá sí mọ́, beta-catenin yóò rọ́ wọ yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì níbi tí ìwé àṣẹ wà, yóò sì máa pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa di méjì, kí ó máa di méjì. Kókó kékeré kan yóò yọ lára ìfun bí olú ṣe ń yọ lára igi. Kò ní dun ẹni tí ó ni ín. Lẹ́yìn náà KRAS lè bàjẹ́, yóò dà bí iná tí bọ́tìnì rẹ̀ ti há, tí kò ṣe é pa. Níkẹyìn ni p53, tí í ṣe olùṣọ́, yóò bọ́ sílẹ̀. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí olú náà tó di jẹjẹrẹ. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, àwọn àgbà ti wí i. Dókítà tí ó bá rí kókó náà nígbà tí ó ṣì dà bí ẹyọ ẹ̀wà lè gé e kúrò ní ìjókòó kan, láìla ikùn.

Ọ̀rọ̀ p53 yìí ya ènìyàn lẹ́nu. Ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i, nítorí pé ó pọ̀ lápọ̀jù nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n sì pè é ní ọ̀daràn. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, láti ara jẹjẹrẹ ìfun gan-an, ni ó hàn sí wọn pé olùṣọ́ ni, kì í ṣe olè: èyí tí ó bàjẹ́ kì í tètè rà dànù bí èyí tí ó dára, ìdí nìyí tí ó fi ń pọ̀ jọ síbẹ̀. Òkú olùṣọ́ ni wọ́n ń rí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè é ní ẹni tí ó fọ́lé.

Báwo ni a ṣe ń rí wọn? Ara ní àwọn ọmọ ogun tí ń dá àlejò mọ̀, tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn àyàfi ẹni tí a rán wọn sí. Àwọn onímọ̀ ń ṣe irú wọn, wọ́n ń so àwọ̀ mọ́ wọn nídìí, àwa yóò sì dà wọ́n sórí ẹran tí a tẹ́ sí gíláàsì. Ibi tí purotéènì tí a ń wá bá wà ni yóò yọ àwọ̀ búráùn. Ibi tí kò bá sí yóò wà ní àwọ̀ aró lásán. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ki-67, tí wọ́n ṣe ní ìlú Kiel ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1983, ń fi sẹ́ẹ̀lì tí ó ń múra láti pín hàn. Nínú ìfun tí ó dára, ìsàlẹ̀ kòtò kéékèèké tí ó wà lára awọ ìfun ni àwọ̀ náà máa ń wà. Nínú kókó, yóò gòkè dé ojú. E-cadherin ni ó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Mo máa ń rántí sàfù ìrun tí mo bá ń wò ó: èjìká kan èjìká, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀, kò sí àlàfo. Ní etí ibi tí jẹjẹrẹ ti ń wọ inú ẹran ara lọ, àwọ̀ E-cadherin a máa ṣá, sẹ́ẹ̀lì á sì máa bọ́ kúrò lórí ìlà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ọ̀nà ẹ̀dọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n purotéènì mẹ́rin mìíràn ni ó kan ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú yóò rántí wàláà. Ọmọ kéú yóò fi gègé àti tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sójú pákó, yóò sì gbé e lọ bá àáfà. Àáfà kì í yìn ín títí yóò fi fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àmì róbótó kan lábẹ́, bá ni. Bí ọmọ bá ṣèèṣì fi í sókè, ó ti di nún. Bí ó bá fi méjì sókè, tá ni. Àáfà yóò nu ibi tí kò tọ́, yóò ní kí ó tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ di méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ìwé àṣẹ inú rẹ̀ kọ, lẹ́tà inú ìwé náà sì ju bílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Àṣìkọ kò lè ṣe kí ó má wà. Àwọn mẹ́rin tí ń ṣe iṣẹ́ àáfà níbẹ̀ ni MLH1, PMS2, MSH2 àti MSH6. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. MSH2 àti MSH6 ni ó ń rí àṣìkọ; MLH1 àti PMS2 ni ó ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gé e kúrò. Bí MSH2 kò bá sí, MSH6 kò lè dá dúró, òun náà yóò pòórá. Nígbà náà wàláà yóò máa ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ ọmọ mìíràn láìsí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìkọ yóò máa gorí àṣìkọ, kókó tí ì bá gba ọdún mẹ́wàá lè má gbà ju ọdún díẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi pè mí, ó ní kí n jókòó, kí n wò ó fúnra mi. MLH1 wà. PMS2 wà. MSH2 àti MSH6 kò sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n mi tí ó dára wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú àwọ̀ búráùn wọn, jẹjẹrẹ náà sì yí wọn ká ní aró lásán. Ọ̀gá mi bi mí léèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀: "Ǹjẹ́ ẹnì kan ti ní jẹjẹrẹ rí nínú ẹbí yín? Ti ìfun, tàbí ti ilé ọmọ?"

Ìyá wa kú ní ọdún 1988, ó jẹ́ ẹni ọdún 44. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni èmi. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dà lára rẹ̀ láìjẹ́ àkókò rẹ̀. Ilé ìwòsàn sọ pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni, ṣùgbọ́n agbo ilé wa ti ní ìdáhùn tirẹ̀. Bàbá wa fẹ́ ìyàwó kejì ní ọdún 1986, ọdún méjì péré sí ìgbà náà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: wọ́n ní ta ni kò mọ ẹni tí ó ṣe é? Kò sí ẹni tí ó fojú rí nǹkan kan. Wọn kò lé Ìyá Kékeré jáde, Bàbá kò gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò sí ọmọ ìyá wa tí wọ́n jẹ́ kí ó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ẹran Iléyá tí ó bá pín, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń jù ú sí. Ọdún 33 ni ó fi gbé inú ilé náà bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí àsàlátù, ó ń bọ̀, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Òfin ẹ̀sìn wa ní kí ẹni tí yóò bá fẹ̀sùn ṣìná kan obìnrin mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Nínú ẹ̀sùn ikú, àwọn ènìyàn wa kò mú ẹyọ kan wá. Àfi àwọn mẹ́rin tí ó wà lórí gíláàsì yìí, tí méjì dúró, tí méjì kò sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé gíláàsì nìkan kò tó láti fi dájọ́. MLH1 a máa pòórá nínú jẹjẹrẹ àwọn àgbàlagbà mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n jogún rẹ̀. Ti MSH2 ni ó sábà máa ń jẹ́ ti ìdílé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Méjì-méjì ni a ní jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó bá jogún ọ̀kan tí ó bàjẹ́ ṣì ń lo èkejì, títí ọjọ́ tí èkejì náà yóò fi bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè jogún èyí tí ó dára tàbí èyí tí kò dára, ọgbọọgba ni. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún èsì dé: ọ̀kan nínú MSH2 rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú oyún. Wọ́n yẹ èmi wò, n kò ní i. Àbúrò wa obìnrin ní i. Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyá wa, arúgbó tí ara rẹ̀ le, tí jẹjẹrẹ kankan kò ṣe rí, gbà kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ó ní i.

Ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé ìyá wa kí Ìyá Kékeré tó mọ ọ̀nà ilé wa.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe irú rẹ̀ ni Lynch, nítorí Henry Lynch, dókítà ará Amẹ́ríkà tí ó kọ nípa irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n obìnrin aránṣọ kan ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọdún 1895, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ó sọ fún dókítà Aldred Warthin pé òun mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ láyé, pé jẹjẹrẹ ni yóò pa òun bí ó ti pa àwọn ẹbí òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Warthin kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọ ìtàn ìdílé náà jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1913. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ẹ̀dùn ọkàn ìyá aránṣọ kan ni ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àrùn òyìnbó nìyí. Àwọn onímọ̀ ará wa ti dá wọn lóhùn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní ARGO, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York láti yẹ jẹjẹrẹ ìfun àwọn ará Nàìjíríà wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Nínú àwọn aláìsàn tiwa, 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ wọn jẹ́ irú èyí tí àṣìkọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ti New York yẹn, 8.5 ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jogún rẹ̀. Nínú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kì í ṣe irú eléyìí, APC bàjẹ́ nínú 39.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, tiwọn jẹ́ 76.0. Àwọn aláìsàn tiwa kéré lọ́jọ́ orí jù, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ pé ìparí ìfun ni tiwọn wà. Ọ̀nà tí Fearon àti Vogelstein là sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ̀rí rẹ̀ sì ti ara àwọn ènìyàn wa jáde.

Èyí ni ó mú ohun tí ó ń ká mi lára wá. Àṣìkọ púpọ̀ tí ó wà nínú irú jẹjẹrẹ yìí ni ó ń jẹ́ kí ọmọ ogun ara lè dá a mọ̀ ní àlejò, bí a bá ti bá wọn tú ìjánu wọn. Láti ọdún 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn pembrolizumab fún un. Ní ọdún 2022, ilé ìwòsàn New York kan náà ròyìn pé àwọn fún ènìyàn 12 tí jẹjẹrẹ irú rẹ̀ wà ní ìparí ìfun wọn ní oògùn dostarlimab, jẹjẹrẹ àwọn 12 náà sì pòórá láìsí iṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ tálákà kò tó irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ara àwọn ènìyàn wa ni a fi mọ̀ pé irú àrùn tí ó ń gbọ́ oògùn yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi kò rí ohun tí yóò dí àwọn olówó inú ẹ̀sìn wa, tí wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí lé mọ́sálásí ní òpópónà kan náà, lọ́wọ́ láti kó sàkáà àti sàráà díẹ̀ lọ sí ibẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ àti oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan ni agbára wa ká fún ẹ̀gbọ́n mi. Purotéènì kan tí ń jẹ́ CEA ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn náà. Phil Gold àti Samuel Freedman ni ó rí i ní ìlú Montreal ní ọdún 1965. Ó máa ń wà nínú ìfun ọmọ inú oyún, jẹjẹrẹ ìfun a sì tún máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà ju 5 lọ. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 38 kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó wálẹ̀ di 2. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń wò ó. Ó padà sídìí ìrun pípè, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan ó di 6, ó di 14. Kò sí ohun tí ó ń dùn ún, ó ń jẹun, ó ń sún mọ́ àádọ́ta ìgbà tí ó fi ń sọ pé ẹ̀rọ ni ó ṣì kà. Wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀. Jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Ọlọ́hun gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 2023, lẹ́yìn ìrun Asùbáà. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí nípa CEA, nítorí mo ń rí àwọn tí ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Sìgá a máa gbé e sókè, àrùn ẹ̀dọ̀ a máa gbé e sókè, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì ní mú un kúrò lójú kan. Ẹni tí a ti mọ àrùn rẹ̀ ni a fi ń ṣọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lára rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, rọ́bà oníkámẹ́rà ni ó yẹ kí ó bi dókítà léèrè. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2021, ẹni ọdún 45 tí kò ní àmì kankan ni wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá jogún irú ti ilé wa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí ọmọ ọdún 20 sí 25, ọdọọdún tàbí ọdún méjì-méjì.

Bí èsì ẹ̀jẹ̀ ti pé, Bàbá pe gbogbo ilé jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Mo ṣàlàyé wàláà fún wọn bí mo ti ṣe é fún yín yìí. Àwọn kan sọ pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe jáde nínú ilé, nítorí àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni ó sọ pé òun yóò sọ fún àfẹ́sọ́nà òun kí wọ́n tó so yìgì. Ó sọ ọ́, ọmọkùnrin náà sì tẹ̀lé e lọ gba èsì rẹ̀. Ohun tí èsì náà sọ kì í ṣe tèmi láti kọ síbí. Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó.

Bàbá yíjú sí Ìyá Kékeré níwájú gbogbo wa. "Ìyá Mukáílà," ó ní, "àwọn ènìyàn mi ṣẹ̀ ọ́. Èmi náà kò sọ̀rọ̀ tó. Foríjì wá." Obìnrin náà kò sunkún, kò sì wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí ó tó la ẹnu. Ó ní, "Ọmọbìnrin tí wọ́n ní ó ní i yìí, ta ni yóò máa bá a lọ síbi àyẹ̀wò rẹ̀?"

Òun ni ó ń bá a lọ. Ní ọdún 2022, alẹ́ tí àbúrò mi mu oògùn tí ó ń fọ ìfun, Ìyá Kékeré ni ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n rí kókó méjì, èyí tí ó tóbi jù tó ẹyọ ẹ̀wà. Wọ́n gé wọn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé wọn wá: jẹjẹrẹ kò tíì wọ ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n ti tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, wọn kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí ó kàn ti wà nínú ìwé. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ kúrò nínú oṣù Ààwẹ̀, owó rẹ̀ sì ti wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kékeré.